Ọmọ Ọdẹ́níran Tí Ó Ń Kí Ènìyàn Láìdákẹ́

Ẹ̀yin tí òjò lé wọ inú ahéré mi yìí, ẹ jókòó. Ẹ gbọn omi ara yín dànù sẹ́nu ọ̀nà, ẹ má fi rin ẹní mi. Òjò yìí kò ní tètè dá, n kò sì fẹ́ràn kí ènìyàn mẹ́wàá jókòó kí wọ́n máa wo ara wọn lójú bí ewúrẹ́ inú ọgbà. Ìfàkókòṣòfò nìyẹn. Mo fẹ́ sọ ìtàn kan fún yín. Ẹni tí yóò bá sùn, kó yáa sùn nísinsìnyí, kó má dúró di àárín ọ̀rọ̀, nítorí n kì í tún un sọ.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi Ọdẹ́lékè, ẹfọ̀n mọ́kànlá ni mo pa, ọta mọ́kànlá ni mo sì yìn. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ ka ìwo méjìlélógún tó wà lára ògiri ilé mi. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀gá tó kọ́ mi ní ìbọn yíyìn ni, Ọdẹ́níran ará Òkè-Asálá. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà kan ṣoṣo, omi sì dá lójú rẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán. Láti ọjọ́ náà n kò bi í ní ìbéèrè kan lórí rẹ̀ mọ́.

Ní ọdún tí ìsun omi Òkè-Asálá gbẹ, àwọn àgbà ìlú jókòó, wọ́n to iṣẹ́ márùn-ún kalẹ̀ tí wọn yóò ṣe kí omi lè padà. Akígbe ìlú há a sórí bí orin. Èkíní, kí wọ́n gbá ẹnu ìsun. Èkejì, kí wọ́n rán ẹnì kan lọ kí àwọn ará ìlú Onísun, ẹ̀mí tí ó ni gbogbo omi abẹ́ ilẹ̀, kí onítọ̀hún sì gba èsì wá. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n la ojú omi. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n tún ipa odò ṣe. Ẹ̀karùn-ún, kí wọ́n gbin àgbàdo. Òfin ìlú náà sì le: bí iṣẹ́ kan kò bá tíì parí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èyí tó tẹ̀ lé e.

Wọ́n gbá ẹnu ìsun lóòjọ́. Nígbà tí ó kan iṣẹ́ kejì, ojú gbogbo ìlú lọ sára ọmọ Ọdẹ́níran. Ọdẹ́gbàmí ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ẹ gbọ́, kò sí ìlú tó mọ ènìyàn kí bí Òkè-Asálá. Bí o bá kí ìyá tí o gbàgbé ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn, wọn yóò pe ìpàdé ẹbí lé ọ lórí. Ọdẹ́gbàmí yìí sì ni olórí wọn. Bí ó bá jáde lọ sóko láàárọ̀, ọ̀sán ni yóò tó dé ibẹ̀, nítorí kò lè gba ẹ̀gbẹ́ ènìyàn kọjá láìbéèrè ìyá rẹ̀, ọmọ rẹ̀, àti ewúrẹ́ rẹ̀ tó bímọ láìpẹ́.

Àwa ọdẹ ní àṣà kan. Bí a bá rán ènìyàn lọ sí igbó tí a kò mọ òpin rẹ̀, a máa ń dá ọjọ́ fún un. Bí ọjọ́ bá pé, kó padà wálé, ìbáà ṣe pé iṣẹ́ parí, ìbáà ṣe pé kò parí. Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọdẹ́níran, rán ọkọ rẹ̀ létí.

Ó ní, "Baálé mi, ẹ dá ọjọ́ fún ọmọ yìí."

Ọdẹ́níran rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀lẹ là ń dá ọjọ́ fún. Ọmọ tèmi kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ lábọ̀."

Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀ níwájú gbogbo ìlú, ó sì gbóhùn sókè kí wọ́n lè gbọ́. Ó ní, "Kí gbogbo wọn. Má fo ẹnì kankan. Má sì padà títí kò fi ní ku orí kan ṣoṣo tí o kò kí."

"Mo gbọ́, Bàbá," ni Ọdẹ́gbàmí wí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó lọ.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ti Ọdẹ́níran balẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìlú sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọdún kan kọjá. Wọ́n ní ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni kò ṣe tíì dé. Ọdún kejì kọjá, àwọn obìnrin ń rin ìrìn wákàtí mẹ́rin lọ pọn omi ẹrẹ̀. Ọdọọdún ni òjò ń rọ̀ díẹ̀, ọdọọdún ni ilẹ̀ ń dúró de irúgbìn, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbin àgbàdo nígbà tí ẹni iṣẹ́ kejì ṣì wà lójú ọ̀nà? Idà òfin ọwọ́ ara wọn ló ń gé wọn. Ní ọdún kẹta, ìyá àgbà kan ṣubú lójú ọ̀nà omi, ìkòkò wà lórí rẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ọjọ́ kejì, Baálẹ̀ ránṣẹ́ pe Ọdẹ́níran.

Ó ní, "Àwa ti pè é títí, kò gbọ́. Ìwọ lo rán an. Ẹni tó rán iṣẹ́ ló lè dá iṣẹ́ dúró. Lọ."

Àwẹ̀ró tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ dé ẹnu odi ìlú. Kò bá a jà, kò sì sọ pé ‘mo sọ bẹ́ẹ̀.’ Ohun tó sọ kò ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ: "Mú un wá fún mi."

Báyìí ni Ọdẹ́níran wọ Igbó Àìdúró, tó wà lójú ọ̀nà ìlú Onísun. Igi ibẹ̀ kì í dúró sójú kan. Bí o bá fi ìrókò ṣe àmì ọ̀nà, kí o tó padà yóò ti lọ bá àwọn ẹbí rẹ̀. Ó rìn títí ó fi dé ẹnubodè kan tí wọ́n fi egungun erin kọ́. Ẹ̀dá kan jókòó síbẹ̀ tí à ń pè ní Ajókòó-má-dìde. Ikán ti kọ́ ilé sórí itan rẹ̀, ìtàkùn ti gba ihò etí rẹ̀ kan wọlé, ó sì gba èkejì jáde. Ojú mẹ́rìndínlógún ni ó ní, mẹ́rin ń sùn, mẹ́rin ń ṣọ́nà, àwọn mẹ́jọ yòókù ń wo Ọdẹ́níran tẹ̀gàntẹ̀gàn.

Ọ̀gá mi kò kí i. Ó gbé ìbọn, ó yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọta wọ inú ẹ̀dá náà bí òkúta ṣe ń wọ inú ẹrẹ̀, kò sì ṣe é ní nǹkankan. Nígbà tí ó sọ ọ́ fún mi, mo ní, "Ọ̀gá, ọta mẹ́ta! Bó bá ṣe èmi ni, ọ̀kan ṣoṣo ni ǹ bá yìn." Ó gbá mi létí. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo ṣì ní òótọ́ ni mo sọ.

Ajókòó-má-dìde ní, "O ti parí eré rẹ? Ẹnubodè yìí kì í gba ọta, ọ̀rọ̀ ló ń gbà. Kí ni ó ń rìn tí kì í dé, tí ó ń ṣiṣẹ́ tí kì í parí, tí ẹni tó bí i sì ń fi í yangàn?"

Ọdẹ́níran ní, "Odò ni."

"Odò máa ń dé òkun. Irọ́." Bí ó ti sọ ‘irọ́’, ẹnubodè náà sún sẹ́yìn dé orí òkè kejì, Ọdẹ́níran sì fi ẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé e ní odidi ọjọ́ kan.

"Afẹ́fẹ́ ni."

"Ta ló bí afẹ́fẹ́? Ìyá wo ló gbé e jó rí? Irọ́." Ẹnubodè tún sún. Ọjọ́ kan tún lọ.

Ọdẹ́níran jókòó sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ó ti mọ ìdáhùn náà láti ìgbà tí wọ́n ti bi í. Ẹnu rẹ̀ ni kò lè gbé e. Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í pa á lórí, ó wolẹ̀, ó sì sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó jalè.

"Ọmọ mi ni."

Ilẹ̀kùn ṣí. Ajókòó-má-dìde ní, "Bí o bá ti tètè mọ̀, o kì bá ti pàdánù ọjọ́ méjì. Wọlé. Àwọn tí o máa bá lọ́hùn-ún ti pàdánù jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ìlú Ẹrù-Lórí ló kọ́kọ́ bọ́ sí. Ènìyàn ibẹ̀ pọ̀ ju èèrà lọ, wọ́n dúró gbagidi, kálukú pẹ̀lú ẹrù lórí. Wọn kì í jẹun, wọn kì í mu omi, wọn kì í sọ̀rọ̀ àfi tí a bá bá wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gba ọ̀nà, wọ́n gba ọjà, wọ́n gba abẹ́ igi, kò sí ibi tí alààyè lè fi ẹsẹ̀ sí. Ọdẹ́níran forí já láàárín wọn, ó ń fi èjìká tì wọ́n, títí ó fi bá obìnrin kan lójúkojú tí ó ru apẹ̀rẹ̀ iyọ̀.

Ó ní, "Ẹ kú ìnàró o, ìyá. Kí ló dé tí ẹ kò sọ ẹrù yín kalẹ̀?"

Obìnrin náà ní, "Ta ni yóò sọ̀ ọ́ fún mi? Ìyá mi ló rán mi níyọ̀. Mo ra iyọ̀. Mo délé, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní ‘mo dé o.’ Ìyá mi ń bá àlejò tàkúrọ̀sọ, kò bojú wẹ̀yìn. Kò ní káàbọ̀. Iṣẹ́ mi ti parí, n kò lè ṣe é mọ́; wọn kò gbà á lọ́wọ́ mi, n kò lè lọ sinmi. N kò kú, n kò yè. Ọgọ́rùn-ún ọdún rèé."

Àánú ṣe ọ̀gá mi. Ó na ọwọ́ sí apẹ̀rẹ̀ náà láti bá a sọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó wúwo bí ẹni pé ó wé mọ́ gbòǹgbò ayé.

"Fi í sílẹ̀, ọdẹ," ni obìnrin náà wí. "Ìwọ kọ́ lo rán mi. Ta ni ìwọ ń wá?"

"Ọmọ mi. Mo fẹ́ lọ dá a dúró."

"Nígbà náà, fi ti èmi ṣe àríkọ́gbọ́n. Bí o bá dá a dúró tán, ojú yóò tì ọ́, o máa fẹ́ yí ẹ̀yìn padà kí o sá lọ. Má yí ẹ̀yìn padà. Kí i káàbọ̀, kí o sì sọ ẹrù rẹ̀ fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀gbẹ́ mi níbí ni yóò wá dúró sí."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọjá.

Nígbà tí ó dé ìlú Onísun, omi ń sun lára ògiri ilé bí òógùn. Ó gbọ́ ohùn kan lókèèrè tó há bí ayùn: "Ẹ kú ilé o! Ṣé dáadáa lẹ jí? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Láti inú ilé, wọ́n dáhùn: "A dúpẹ́ o!" Bí wọ́n sì ti ní ‘a dúpẹ́’, ọmọ tuntun ké nínú yàrá. Ohùn náà tún gbéra: "Ẹ kú ewu ọmọ o! Ọmọ tuntun, o káàbọ̀ sáyé!" Ọmọ náà dàgbà lójú ẹsẹ̀, ó lanu, ó ní "A dúpẹ́," ọmọ mìíràn sì ké.

Ìlú yẹn nìyẹn. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń bí ènìyàn kan. Ta ló lè kí wọn tán?

Ọdẹ́gbàmí yọ láti ẹ̀yìn ilé, ó ń sáré, àpò kan wà léjìká rẹ̀. Irun rẹ̀ ti funfun ju ti bàbá rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jẹ dé ọrùn ẹsẹ̀, oòrùn sì ń gba àyà rẹ̀ kọjá bí ó ti ń gba inú aṣọ tó gbó kọjá. Ní iwájú rẹ̀, àwọn ẹ̀dá kékeré mẹ́ta ń sáré. Ohùn ara rẹ̀ ló fà ya sí mẹ́ta, ó sì sọ wọ́n di ìránṣẹ́, kí wọ́n lè máa lọ wo ilé tí ọmọ tuntun wà.

Ọdẹ́níran kígbe pé, "Ọdẹ́gbàmí! Ó tó!"

Ọmọ náà rí i, ojú rẹ̀ tàn. Ó dọ̀bálẹ̀ láìdúró, bí ẹni tó ṣubú tó sì dìde. "Bàbá! Ẹ kú ìrìn o! Ẹ kú ewu ọ̀nà! Màámi ńkọ́?"

"Ó ń retí rẹ. Jẹ́ ká máa lọ."

"Ó ku ẹnì kan, Bàbá. Ilé tó wà níwájú yẹn ṣoṣo ló kù."

"Ọdẹ́gbàmí, mo ní ó tó."

"Mo gbọ́. Mo ń bọ̀. Ẹ kú ilé o! Ṣé dáadáa lẹ jí?"

Ìgbà mẹ́fà ni ó pè é. Ìgbà mẹ́fà ni ọmọ náà dáhùn tìfẹ́tìfẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì dúró. Nígbà náà ni Onísun jáde láti ẹnu kànga: arúgbó kan tí omi ń kán ní gbogbo irun rẹ̀.

Ó ní, "Má pariwo mọ́. Ó ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìpè kò lè dá a dúró. Ẹran ara rẹ̀ ti tán ní ọdún kejì. Iṣẹ́ tí o rán an nìkan ló ṣẹ́kù tó ń mí nínú rẹ̀. Ìwọ nìkan lo lè gba iṣẹ́ náà padà. Bí o bá sì gbà á, kí ló kù?"

 Ọdẹ́níran rántí ìyá àgbà tó ṣubú lójú ọ̀nà omi. Ó rántí ọ̀rọ̀ Àwẹ̀ró. Omi àti ọmọ kò lè gba ojú ọ̀nà kan náà wálé.

Ó sáré tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ lórí ìrìn. Ó ní, "Ọmọ mi, àwọn ìránṣẹ́ tìrẹ wọ̀nyí ńkọ́? Bí mo bá dá ìwọ dúró, ta ni yóò pè wọ́n?"

Ọdẹ́gbàmí ní, "Wọn kò nílò kí ẹnì kan pè wọ́n. Mo dá ìgbà fún wọn. Bí oòrùn bá kan orí òrùlé yẹn, wọn yóò padà, ìbáà kù, ìbáà tán." Ó wo bàbá rẹ̀, kò sì sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. "N kò fẹ́ kí wọ́n dà bí èmi."

Ẹ̀yin ènìyàn, ọ̀gá mi ti gba ẹ̀ẹ́kánná àmọ̀tẹ́kùn láyà rí. Ó ní gbólóhùn yẹn wọlé jù ú lọ.

Wọ́n jọ sáré títí oòrùn fi kan òrùlé. Bàbá ń bá ọmọ kí àwọn ènìyàn, ó ń gbe ohùn rẹ̀ tó ti há, ó sì ń sọ ìròyìn ilé fún un láàárín ilé kan sí èkejì. Àwọn ìránṣẹ́ mẹ́ta náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdẹ́gbàmí ní "Ẹ káàbọ̀, ẹ kú iṣẹ́," ó la ọwọ́, wọ́n sì wọ inú ọ̀fun rẹ̀ padà.

Ó ní, "Bàbá, èmi kò lè dá ara mi dúró. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́."

Ọdẹ́níran di èjìká rẹ̀ mú. Ó ní, "Èmi Ọdẹ́níran tí mo rán ọ, mo gba iṣẹ́ mi padà lọ́wọ́ rẹ. Àṣìṣe ni mo fi rán ọ. N kò rán ọ mọ́."

Ẹsẹ̀ ọmọ náà dúró. Ojú ti bàbá rẹ̀. Ó fẹ́ yí ẹ̀yìn padà, kò sì yí i padà. Ó ní, "Káàbọ̀, ọmọ mi. O kú iṣẹ́." Ó sọ àpò èjìká rẹ̀ fún un. Ọdẹ́gbàmí mí kanlẹ̀, bí aláàárù tó délé, ó sì fara ti bàbá rẹ̀. Ìgbà tí ọ̀gá mi yóò fi gbá a mọ́ra, aṣọ nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ó sunkún tán, ó ṣí àpò náà. Ìkarahun ìgbín kan wà níbẹ̀, omi kún inú rẹ̀, kò sì dànù.

Ó ní, "Kí ni èyí?"

Onísun ní, "Èsì mi ni. Ọjọ́ tí ó kí ilé kìíní ni mo ti fún un. Omi ìlú yín ti wà ní èjìká rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta."

"Kí ló dé tí ẹ kò ní kó máa lọ?"

"Mo sọ fún un. Ó ní bàbá òun ní kò gbọdọ̀ ku ẹnì kan."

N kò ní sọ bí ó ṣe padà wálé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e wá, ó tó. Ó da omi ìkarahun náà sójú ìsun, ilẹ̀ sì kùn bí ikùn ẹni tí ebi pa, omi tú jáde. Akígbe pe iṣẹ́ kẹta, àwọn ọkùnrin gbé ọkọ́. Ìlú ń jó, wọ́n ń wẹ ọmọ, wọ́n ń da omi síra wọn lára. Ní àárín ariwo náà, Àwẹ̀ró dúró síwájú ọkọ rẹ̀.

"Ọmọ mi dà?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Obìnrin náà gbọ́ ọ dé òpin.

Ó ní, "Ṣé ó rẹ̀ ẹ́?"

"Ó rẹ̀ ẹ́ púpọ̀."

"Ó sọ pé ó rẹ òun?"

"Rárá," ni Ọdẹ́níran wí. "N kò kọ́ ọ ní ìyẹn."

Àwẹ̀ró wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní òun kò ní fi ẹnu kan omi náà láéláé. Ọjọ́ kìíní, kò mu ún. Ọjọ́ kejì, kò mu ún. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, òùngbẹ gbé e dìde, nítorí òùngbẹ kò mọ ọ̀fọ̀. Ó rìn lọ sí ìsun lójú gbogbo ènìyàn, ó fi ọwọ́ bu omi náà, ó mu ún. Ó dùn. Ìyẹn gan-an ló mú un bú sẹ́kún.

Ibi tí wọ́n bá mi dé nínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni tí ẹ rán lọ síbì kan, ẹ rò ó wò.